Ni ti Ṣàgámù, ni ti Kánò, ni ti Ṣáínà: ṣé ọmọ ìyá kan ni wọ́n?

Àlàájà kan tó ń ta gbànja ní Ṣàgámù ló fi ìwé yìí ránṣẹ́. Mo gé e kúrú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ni:

“Ó ti pẹ́ tí èmi àtàwọn Hausa ti jọ ń ná obì. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kanlẹ̀kùn, tí a bi í pé ta ni, á ní ‘ni ne’. Àwa náà á ní ‘èmi ni’. Ọmọ-ọmọ mi tó ń bá àwọn ará Ṣáínà ṣiṣẹ́ tún ń kí mi ní ‘ní háò’, ó ní ‘ni’ yẹn túmọ̀ sí ìwọ. Àbúrò mi ọkùnrin wá ní ẹ̀rí ti dé: láti Waddai, lápá ilẹ̀ Chad, ni àwa Ìjẹ̀bú ti wá lóòótọ́, èdè kan ni gbogbo wa jọ ń sọ kí a tó pínyà. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ta ló yá ‘ni’ lọ́wọ́ ta?”

Àlàájà, ẹ kú ọjà o, ajé á wọgbá.

Rárá ni èsì mi. Nínú “ni” mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ẹ kà yẹn, kò sí èyí tó yá èkejì, kò sì sí ẹ̀rí pé wọ́n bára tan. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìdí rẹ̀ dáadáa, torí ohun tí àbúrò yín ṣe yẹn wọ́pọ̀ láàárín wa. Èèyàn á gbọ́ ọ̀rọ̀ méjì tó jọra, á sì ti ibẹ̀ kọ ìtàn odindi ìran kan. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí i, nítorí èdè wa ní ẹ̀rí tó lágbára lọ́wọ́ nípa àwọn tó bá wa tan, a kàn ń wá a níbi tí kò sí ni.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ obì kò ní fi àwọ̀ ìta nìkan ya gbànja sọ́tọ̀ kúrò lára àbàtà. Ẹ ó là á, ẹ ó wo iye awẹ́ tó ní. Ẹ jẹ́ ká la “ni ne” bẹ́ẹ̀. Nínú èdè Hausa, “ni” ni èmi. “Ne” ló ń ṣe iṣẹ́ tí “ni” tiwa ń ṣe, ìyẹn ni pé òun ló ń fìdí ẹni náà múlẹ̀. Ọkùnrin á ní “ni ne”. Bó bá jẹ́ obìnrin ló kanlẹ̀kùn, “ni ce” ló máa sọ, torí Hausa máa ń ya ọ̀rọ̀ akọ sọ́tọ̀ sí ti abo. Tiwa kò mọ akọ kò mọ abo. Nítorí náà, nínú “ni ne” àti “èmi ni”, “ni” tiwọn dọ́gba pẹ̀lú “èmi” tiwa, “ne” tiwọn ló dọ́gba pẹ̀lú “ni” tiwa. Méjèèjì tí a rò pé wọ́n kojú síra wọn, wọ́n kọ ẹ̀yìn síra wọn ni.

“Ni” Hausa yẹn ní ẹbí o, ẹbí tó lórúkọ. Ẹ̀yin gan-an ń pè é lójoojúmọ́. Nígbà tí ẹ bá jókòó láàárín ìforíkanlẹ̀ méjì nínú ìrun, ẹ máa ń tọrọ pé “warhamni, wahdini, warzuqni”. Ṣàánú mi, tọ́ mi sọ́nà, pèsè fún mi. “Ni” tó wà lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, “mi” ló jẹ́. Ará ilé kan náà ni òun àti “ni” ti Hausa. Hausa kò yá a lọ́wọ́ Lárúbáwá nígbà tí Ìsìláàmù dé. Ó ti wà lẹ́nu wọn ṣáájú. Àwọn onímọ̀ ka Hausa mọ́ ẹ̀ka tí wọ́n fi adágún Chad sọ lórúkọ, ẹ̀ka yẹn sì wà nínú ẹbí ńlá kan tí Lárúbáwá, Hébérù, Ámháríìkì ti Ethiopia àti èdè Íjíbítì àtijọ́ wà. Wọn kò sì fi “ni” nìkan mọ̀ ọ́n. Hausa ní “mutu” fún kú. Lárúbáwá ní “māta”. Ẹni tó ti kú lédè Hébérù, “met” ni. M rèé, t rèé, ìtumọ̀ kan náà rèé, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Àwa ńkọ́? “Kú” ni tiwa. Ẹbí kú ò sí níbẹ̀ yẹn. Ẹ gba ìhà gúúsù lọ, ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn èdè Bantu, tí Swahili àti Zulu jẹ́ ara wọn. Swahili ní “fa” fún kú. Ẹ ó ní kí ló kan “fa” kan “kú”. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ mi. Àwọn tó fi èdè Bantu púpọ̀ wé ara wọn rí i pé lẹ́nu àwọn baba ńlá wọn, “ku” ni ọ̀rọ̀ náà ń jẹ́, àti pé nínú Swahili, k tó bá ṣíwájú irú u kan báyìí ti di f. Kì í ṣe lára kú nìkan ló ti ṣẹlẹ̀. Eegun nínú Swahili ni “mfupa”. Lẹ́nu àwọn tó ń sọ Lingala ní Kóńgò, “mokuwa” ni. F níhìn-ín, k lọ́hùn-ún, ní ọ̀rọ̀ kan tẹ̀lé òmíràn. “Fa” àti “kú” kò jọra rárá lójú, ẹbí sì ni wọ́n. “Ni” Hausa àti “ni” Yorùbá jọra bí ìbejì, wọn kò sì bára tan. Bí àbúrò yín bá fẹ́ mú ohun kan ṣoṣo nínú ìwé yìí, kó mú èyí.

Ẹ tún wo ẹ̀ta. Ìgbò ní “atọ”, Swahili ní “tatu”, Zulu ní “-thathu”. T kò kúrò níbẹ̀. Ẹnu wa ni “ọnụ” Ìgbò, etí wa ni “ntị”. Hausa ní “uku” fún ẹ̀ta, “baki” fún ẹnu, “kunne” fún etí. Ìyẹn ni ẹ̀rí gidi, ó ń tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ ni, kì í dá wá.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n kó “ni” inú ayé jọ síwájú yín díẹ̀, kí ẹ lè rí bí ó ti pọ̀ tó.

Àwọn tó ń pè é ní èmi: Hausa, bí a ti sọ. Àwọn Basque náà, tí wọ́n ń gbé ní ààlà Sípéènì àti Faransé, “ni” ni èmi lẹ́nu wọn, bẹ́ẹ̀ èdè Basque kò ní ẹbí kankan tí ẹnikẹ́ni tíì rí láyé. Nahuatl, èdè àwọn Aztec ní Mẹ́síkò, “ni-” ni wọ́n fi ń ṣíwájú ọ̀rọ̀-ìṣe bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bá fẹ́ sọ pé òun ló ṣe é. Swahili náà ṣe bẹ́ẹ̀: “nina kitabu”, mo ní ìwé. Lédè Finland, “talo” ni ilé, “taloni” ni ilé mi.

Àwọn tó ń pè é ní ìwọ: Ṣáínà, bí ọmọ-ọmọ yín ti wí. Tamil ní gúúsù Íńdíà, “nī” ni ìwọ. Àwọn Navajo, ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, “ni” ni ìwọ lọ́dọ̀ tiwọn náà. Kò sí ìwé kankan tó fi hàn pé Ṣáínà, Tamil àti Navajo jẹ́ ẹbí, òkun àti òkè sì wà láàárín wọn.

Àwọn tó ń pè é ní àwa: àwọn ará Wales. Èdè Esperanto náà pẹ̀lú, ó sì yẹ kí n dúró lórí ìyẹn, torí pé Esperanto kì í ṣe èdè tí ìran kan bí. Dókítà ojú kan ní ilẹ̀ Poland, Zamenhof, ló jókòó tó ṣe é, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1887. Òun ló yan “ni” fún àwa. Òun náà ló yan “mi” fún èmi. “Mi” rèé lẹ́nu Yorùbá, “mi” rèé nínú Esperanto, ìtumọ̀ wọn sì súnmọ́ra. Ṣé Zamenhof wá kọ́ ọ ní Ìjẹ̀bú-Òde ni? Ìdí tí mo fi mú un wá ni pé ọjọ́ orí èdè yẹn wà lákọsílẹ̀, a mọ ẹni tó ṣe é, a mọ ibi tó ti mú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ kékeré bá lè bá ọ̀rọ̀ kékeré pàdé báyìí lójú wa, a kò gbọ́dọ̀ sọ pé kò lè ṣẹlẹ̀ níbi tí ojú wa ò tó.

Àwọn kan ń fi ka nǹkan. Lédè Denmark àti Norway, “ni” ni mẹ́sàn-án. Lédè Jàpáàní, “ni” ni méjì. Ti Jàpáàní yìí, wọ́n yá a ní tòótọ́. Láti Ṣáínà ni wọ́n ti gbà á ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, nígbà tí ìwé àti ẹ̀kọ́ ń ti ibẹ̀ wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ bi ọmọ-ọmọ yín pé kí ni méjì lẹ́nu àwọn tó bá ṣiṣẹ́ lónìí. Á ní “èr”. Ẹnu olówó ọ̀rọ̀ ti yí padà láti ìgbà náà, ẹnu ayálò ló fi ìró n pa mọ́. Nítorí náà, “ni” tó jẹ́ méjì ní Jàpáàní àti “èr” ní Ṣáínà jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà, nígbà tí “ni” Jàpáàní àti “ni” tó jẹ́ ìwọ ní Ṣáínà kò jọ ní nǹkan kan pọ̀. Jàpáàní tún ní “ni” mìíràn tí kò kan ti Ṣáínà, òun ni wọ́n ń fi sẹ́yìn orúkọ ibi: “Tokyo ni”, ní Tokyo. Ó ń ṣe iṣẹ́ “ní” tiwa pátápátá, àfi pé tiwa ń ṣíwájú, tiwọn ń kẹ́yìn.

Èyí tó máa ń dá mi dúró jù ni ti Írélándì. Níbẹ̀, bí a bá fẹ́ sọ pé olùkọ́ ni, a ó ní “Is múinteoir é”. Bí a bá fẹ́ sọ pé kì í ṣe olùkọ́, “Ní múinteoir é” ni. “Ní” ló ń sẹ́! Ohun tí àwa fi ń jẹ́rìí pé bẹ́ẹ̀ ni, òun ni wọ́n fi ń sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Àmì orí rẹ̀ pàápàá ń tan èèyàn jẹ: lọ́dọ̀ wa, ó ń sọ pé kí ohùn lọ sókè, lọ́dọ̀ wọn, ó ń sọ pé kí a fa fáwẹ́lì gùn, nínú àkọsílẹ̀ Ṣáínà, ó ń sọ pé kí ohùn máa ti ìsàlẹ̀ gòkè. Ṣùgbọ́n “ní” ìsẹ́ ti Írélándì yìí ní ẹbí. Faransé àti Sípéènì ní “ni” tí wọ́n fi ń sẹ́ nǹkan méjì pọ̀, Rọ́ṣíà ní i, Wales náà ní i. Ẹbí kan ni wọ́n lóòótọ́, gbòǹgbò wọn kan náà ni “no” àti “not” òyìnbó ti hù. Mo sọ ìyẹn kí ẹ má baà rò pé mo ń wí pé gbogbo ìjọra kàn ṣèèṣì wáyé ni. Àwọn mìíràn jẹ́ ẹbí, a gbọ́dọ̀ wádìí ni.

Swídìn sì ní tirẹ̀. “Ni” níbẹ̀ ni ẹ̀yin. Látijọ́ “I” lásán ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀-ìṣe tó ń ṣíwájú rẹ̀ máa ń parí sí n, bí “haven I”. Ẹnu kò mọ ibi tí n yẹn jẹ́ mọ́, ó lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé e, ó di “haven ni”. Bí “ni” wọn ṣe wáyé nìyẹn.

Kí ló dé tí sílébù kan ṣoṣo fi ń bọ́ sí gbogbo ibi wọ̀nyí? Ìṣirò ló máa sọ. Yorùbá tí à ń kọ ní kọ́ńsónáǹtì 18 àti fáwẹ́lì àìránmúpè (èyí tí kì í gba imú jáde) 7. Bí a bá so ọ̀kọ̀ọ̀kan pọ̀ mọ́ ara wọn, 126 ni. Ohùn wa mẹ́ta: 378. Ìyẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ onísílébù kan oníkọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ́lì tí a lè ní bí a bá yọ fáwẹ́lì àránmúpè sílẹ̀. Èdè tí kò ní ohùn, tó ní kọ́ńsónáǹtì 15 àti fáwẹ́lì 5, 75 péré ni yóò ní. Èdè inú ayé sì ju 7,000 lọ. N àti i wà lára ìró tó wọ́pọ̀ jù láyé, ọmọdé tètè ń pè wọ́n. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ tí a bá ń lò ní gbogbo ìṣẹ́jú ni èdè máa ń gé kúrú jù: èmi, ìwọ, àwa, ni, kò, ní. Wọn ò pọ̀. Ẹ wá da 7,000 èdè sínú irú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró bẹ́ẹ̀, wọn ò lè ṣe kí wọ́n má forí gbára.

Ẹ jẹ́ ká wálé. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fi “ni” Yorùbá wé ti ẹlòmíràn, mo máa kọ́kọ́ bi í pé: èwo nínú “ni” wa? Ẹ ka gbólóhùn yìí sókè: “Ìyá nì ní òun ni ó ni obì tó wà ní Ṣàgámù.” Márùn-ún wà níbẹ̀. “Nì” àkọ́kọ́ ń tọ́ka sí ìyá kan tí a ti mọ̀. “Ní” kejì, ó wí pé. Ìkẹta, òun gan-an, kì í ṣe ẹlòmíràn. Ìkẹrin, tirẹ̀ ni obì. Ìkarùn-ún, ibi tí obì wà. A tún ní “mo ní owó”, ìyẹn ọ̀tọ̀ sí “ta ló ni owó?”. A tún ní èyí tó wà nínú “ó ń bani lẹ́rù”, tó jẹ́ “ẹni” tí wọ́n gé lórí. Ọmọ tí kò tíì lọ sílé-ìwé rárá kì í ṣi ọ̀kan pè fún èkejì. Inú mi máa ń dùn sí i gan-an. Ẹ sì rí i pé bí a bá yọ àmì ohùn kúrò, gbólóhùn yẹn á di àlọ́. Mi ò yéé bẹ àwọn tó ń kọ Yorùbá lórí fóònù pé kí wọ́n fi àmì sí i.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn èèyàn wa púpọ̀ kò mọ̀ nípa “ni” yìí. N inú rẹ̀ kì í ṣe n tó dá dúró. Ẹ sọ “ní ìta”. A máa ń pa á pọ̀ ni “níta”. N dúró. Ẹ wá sọ “ní Òde” kíákíá bí ẹni ń lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde: “l'Óde”. N ti di l! Ní ọjà, lọ́jà. Ní Èkó, l'Ékòó. “Òun ni ó” di “òun ló”. Bí i bá ti kúrò níbẹ̀, l ni yóò jáde. Ìdí ni pé i tó wà lẹ́yìn “ni” gba imú jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kì í kọ n sẹ́yìn rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìró èdè Yorùbá gbà pé ìró kan náà ni l àti n lọ́dọ̀ wa: níwájú fáwẹ́lì tó ń gba imú jáde, n là ń gbọ́; níwájú àwọn yòókù, l là ń gbọ́. Àwọn tó kọ́kọ́ túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá gbọ́ ọ dáadáa, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí “li” káàkiri nínú Bíbélì àtijọ́ níbi tí à bá kọ “ni” lónìí. Nítorí náà, ẹni tó bá gbé “ni” wa sẹ́gbẹ̀ẹ́ “nǐ” ti Ṣáínà, ó ń fi l tó wọ aṣọ n wé n gidi. Láti ìpìlẹ̀ ni ìjọra yẹn ti já.

Ti Ṣáínà náà kò rọrùn bó ṣe rí létí. “Nǐ” tó jẹ́ ìwọ, ohùn ìsàlẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n “hǎo” tó tẹ̀lé e, ohùn ìsàlẹ̀ náà ni, èdè wọn kì í sì fẹ́ kí méjì irú rẹ̀ tẹ̀léra, torí náà àkọ́kọ́ á gòkè. Ọmọ-ọmọ yín gbọ́ ọ dáadáa tó fi ń sọ “ní”. Àmọ́ tí ẹ bá rí i, ẹ bá mi sọ fún un pé ẹni tó bá fẹ́ bọ̀wọ̀ fún àgbà gan-an lè sọ ju “nǐ hǎo” lọ. Wọ́n ní “nín”, tó ń ṣe iṣẹ́ “ẹ” tí à ń lò fún àgbà. “Nín hǎo” ni kó kí yín.

Ẹnìkan lè bi mí nípa “ni” ti Swahili. Ìyẹn ni èyí tó súnmọ́ wa jù. “Mimi ni mwalimu”, olùkọ́ ni mí. “Nyumbani”, nílé. “Ni” kan ń fìdí múlẹ̀, “ni” kan ń sọ ibi, bíi tiwa, èdè náà sì wà nínú ẹbí ńlá kan náà pẹ̀lú wa. Gíkùyù ní Kẹ́ńyà pàápàá ní “nĩ” tó ń tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀. Ọ̀kan nínú méjèèjì ti já lọ́wọ́ mi ná, ìyẹn èyí tó ń sọ ibi. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ èdè Bantu ló gbà pé láti ara ọ̀rọ̀ fún ẹ̀dọ̀ ló ti wá. Swahili ṣì ń pe ẹ̀dọ̀ ní “ini”. Ẹ̀yà ara di ọ̀rọ̀ ibi, gẹ́gẹ́ bí inú, orí àti ẹ̀yìn ṣe di “nínú”, “lórí” àti “lẹ́yìn” lọ́dọ̀ wa. Èkejì, tó ń fìdí múlẹ̀, mo fẹ́ kó jẹ́ ẹbí wa, mi ò purọ́. Ṣùgbọ́n tiwa ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ tó ń tẹnu mọ́, ti Gíkùyù ń ṣíwájú rẹ̀, sílébù kan kò sì tó láti fi dájọ́. Mo fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ bi mí pé ta ló yá lọ́wọ́ ta. Àwa àti Hausa ti bá ara wa yá ọ̀rọ̀ lóòótọ́, àmì rẹ̀ kì í farasin. Àlàáfíà, àlùbáríkà, àdúrà, wákàtí: láti èdè Lárúbáwá ni gbogbo wọn ti wá, Hausa sì wà lára ọ̀nà tí wọ́n gbà dé. “Al” iwájú tí Lárúbáwá fi ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ṣì so mọ́ àwọn méjì àkọ́kọ́. Ọjà àti ẹ̀sìn ló ń kó irú wọn wọlé, wọ́n sì jẹ́ orúkọ nǹkan tàbí ti èrò. Èmi, ìwọ àti “ni” kì í ṣe irú ọjà bẹ́ẹ̀. Ìlú kì í dúró de àjèjì kó tó ní ọ̀rọ̀ tí yóò fi sọ pé “èmi ni”.

Ó ku Waddai. Mi ò ní fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìtàn tí àwọn bàbá wa sọ. Ìtàn Waddai wà ní Ìjẹ̀bú, ìtàn Ilé-Ifẹ̀ náà wà, ìtàn Akarigbo ní Rẹ́mọ sì tọ́ka sí Ifẹ̀. Ohun tí mo lè sọ ni pé Waddai, tó wà ní ilẹ̀ Chad òní, kì í ṣe ìlú Hausa. Maba ni èdè ìlú náà, pẹ̀lú Lárúbáwá tó wà fún ẹ̀sìn àti òwò, Maba kò sì sí nínú ẹbí Hausa tàbí nínú ẹbí wa. Nítorí náà, “ni ne” kò lè jẹ́rìí fún Waddai bó ti wù kó rí. Ní ìdàkejì, kò lè jẹ́rìí lòdì sí i. Ọba lè ti ọ̀nà jíjìn wá kí èdè ìlú má yí padà. Ẹ wo Ìlọrin: ìran Alimi, Fúlàní, ló ń jọba níbẹ̀ láti nǹkan bí igba ọdún, Yorùbá ni ìlú sì ń sọ, ààfin pẹ̀lú. Bí ẹni tí à ń pè ní Ọbańta, ọba Ìjẹ̀bú àtijọ́, bá tilẹ̀ ti Waddai gbéra, ẹnu àwọn tó bá níbẹ̀ ló máa borí. Ẹ sì gbọ́ orúkọ tí ìtàn ní wọ́n fún un: ọba wà ní ìta. “Ní” tiwa ló wà nínú rẹ̀.

Èdè Ìjẹ̀bú fúnra rẹ̀ ń sọ ibi tó wà. Abíọ́dún Adétúgbọ̀ fi àwọn ẹ̀ka-èdè Yorùbá wéra nínú iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ ní ọdún 1967, Ìjẹ̀bú bọ́ sí gúúsù-ìlà-oòrùn pẹ̀lú Oǹdó, Ọ̀wọ̀, Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ. Ní ẹkùn yẹn ni ìró kan tó ń ti ọ̀fun bọ̀ ti ṣẹ́kù, tí a máa ń kọ ní gh, èyí tó ti di w lẹ́nu àwọn ará Ọ̀yọ́. Ìró yẹn kì í wá nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ó wà nínú ọ̀wọ́ ọ̀rọ̀, ó sì wà níbi tí w wà lọ́dọ̀ Ọ̀yọ́. Bí àbúrò yín bá fẹ́ ìtàn ìran wa lẹ́nu èdè, ẹ̀gbẹ́ Oǹdó àti Ìkálẹ̀ ni kó kọ́kọ́ kọjú sí kó tó máa wo Chad.

Iṣẹ́ kan wà tí ẹ lè bá mi ṣe láti ìsọ̀ yín. Ẹ mú bébà kan, ẹ kọ ogún ọ̀rọ̀ sí i lápá òsì: ení dé àrún, ojú, etí, ẹnu, ọwọ́, ẹ̀jẹ̀, eegun, omi, iná, ẹran, kú, bí, jẹ, mu, orúkọ, igi. Ẹ bi àwọn oníbàárà yín láti Kánò, ẹ kọ èyí tí wọ́n bá sọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí ọmọ-ọmọ yín bi àwọn ará Ṣáínà. Bí Ìgbò kan bá wà nítòsí, ẹ bi òun náà, tàbí ará Ẹ̀gùn láti Bàdágírì. Kí àbúrò yín fúnra rẹ̀ fi biro yí gbogbo èyí tó bá jọra ká. Bí ó bá parí, ẹ fi bébà náà ránṣẹ́ sí mi, mo fẹ́ rí ibi tí biro rẹ̀ pọ̀ sí.